Interface wo ni kí n rà fún modular mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Sábó ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mò ń gbé. Bọ̀dá mi tó wà ní Jámánì fi àpótí modular Eurorack kékeré kan (ẹ̀rọ orin tí wọ́n ń fi waya so àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀) ránṣẹ́ sí mi, mo sì fẹ́ so ó mọ́ laptop mi. Mo fẹ́ máa gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, mo sì tún fẹ́ kí laptop máa sọ nóòtì tó máa kọ fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ta interface oníhò méjì (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ laptop, tó sì ń gbé e jáde) fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo interface. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì sanwó o. Ọ̀rẹ́ ẹ ò purọ́ fún ẹ, ibi tó mọ̀ ọ́n dé ló sọ, àmọ́ iṣẹ́ méjì lo dárúkọ nínú ìbéèrè ẹ yìí, ti àkọ́kọ́ ò le rárá, ìkejì yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn ra interface lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá jẹ́ ká kàn gba ohùn sílẹ̀ ni, interface èyíkéyìí tó bá ti ní ihò line (ti ẹ̀rọ orin, kì í ṣe ti maikì) máa ṣe é. Ohun tó o máa ṣọ́ ni pé ohùn modular le ju ti kíbọ́ọ̀dù lọ dáadáa, torí Eurorack tí Doepfer bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1995 yìí, ohùn inú ẹ̀ máa ń tó volt 10 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n line tí wọ́n ń lò ní stúdíò, èyí tí wọ́n ń pè ní +4 dBu, nǹkan bíi volt 3.5 ni. Nítorí náà má fi sí ihò maikì, fi sí line, yí gain (ohun tó ń gbé ohùn tó ń wọlé ga) wálẹ̀ pátápátá, tó bá ṣì ń tan iná pupa, inú àpótí modular níbẹ̀ ni kó o ti dín in kù pẹ̀lú mixer tàbí VCA (ẹ̀yà tó ń gbé ohùn ga tàbí dín in kù) kó tó jáde. Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tó ń wọlé, kò sí sọ́fítíwíà tó máa tún un ṣe. Waya ńkọ́? Ihò modular jẹ́ mono 3.5 mm, ti interface jẹ́ 6.35 mm, waya mono sí mono ni kó o bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn tán.

Ibi tó ti le nìyí. Modular ò mọ dò-rè-mí, volt ló mọ̀. Volt 1 tó bá gòkè, ohùn gòkè octave kan (láti dò kan dé dò tó tẹ̀ lé e), nóòtì kan sí èyí tó tẹ̀ lé e gan-an jẹ́ nǹkan bíi millivolt 83. Wo onídùndún nígbà tó bá há ìlù sábẹ́ apá, tó bá fún ọsán pọ̀ ohùn á gòkè, tó bá dẹ̀ ẹ́ ohùn á wálẹ̀, tó bá sì fẹ́ kí ohùn dúró lókè, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ọsán yẹn láì yẹ̀. Volt yẹn ni ọwọ́ onílù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ interface tó wà níta, AC-coupled ni ibi tí ohùn ń gbà jáde lára wọn, ìyẹn ni pé wọ́n fi capacitor dínà fún volt tó bá dúró sójú kan, torí ohùn orin kì í dúró, ó ń lọ ó ń bọ̀ ni, volt tó dúró sì lè ba spíkà jẹ́. Fún orin kíkọ àti gìtá, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tó o bá wá ní kó di ọsán mú fún modular ẹ, á fún un lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ẹ̀ á sì jábọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní stúdíò mi rí. Ọmọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá, gbogbo nóòtì tó bá tẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á wá máa yọ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sùn lọ, a ní oscillator, ẹ̀yà tó ń dá ohùn sílẹ̀, ló bàjẹ́, a tú u, a tún un dì, odindi ọjọ́ kan lọ sí i, àṣé interface ni. Ó dùn mí fún un torí ó ti náwó tán.

DC-coupled, èyí tí kò dínà fún volt tó dúró, ni kó o máa wá. MOTU M4 wà níbẹ̀, ibi tó ń gbà jáde lára ẹ̀ DC-coupled ni. ES-8 ti Expert Sleepers náà wà, ìyẹn module (ọ̀kan lára ẹ̀yà modular) ni fúnra ẹ̀, inú àpótí ẹ ló máa wọ̀, ó ní ihò 8 tó ń jáde àti 4 tó ń wọlé, volt ẹ̀ sì bá ti modular mu láì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nǹkan tó máa gbé e ga. Kó o tó ra ES-8 ṣá, wò ó bóyá power inú àpótí ẹ á gbé e.

Ka ihò tó ń jáde dáadáa o, àwọn èèyàn kì í kà á. Ohùn kan ṣoṣo ń jẹ ihò méjì, ọ̀kan fún volt nóòtì, ìkejì fún gate tó ń sọ ìgbà tí nóòtì bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Spíkà ẹ náà ń jẹ méjì. Mẹ́rin ti pé yẹn. Tí ti ọ̀rẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì péré ló ń jáde, ká tiẹ̀ ní DC-coupled ni, bó o bá ti fi darí modular, ibo lo ti fẹ́ máa gbọ́ orin?

Bó o ṣe máa dán an wò nìyí, kò gba owó. Lọ yá mita lọ́wọ́ rìwáyà tó bá wà nítòsí ẹ. Yọ spíkà àti hẹ́dífóònù kúrò lára interface pátápátá, mo tún un sọ, yọ wọ́n, volt tó dúró lè jó wọn. Gbé VCV Rack, sọ́fítíwíà tó ń ṣe bíi modular, sórí laptop, ọ̀fẹ́ ni, fi volt 5 tó dúró ránṣẹ́ sí module Audio, tó o bá rí DC blocker nínú menu ẹ̀, pa á. Ki waya bọ ihò tó ń jáde, mita sí DC volt 20, ẹnu pupa sí ṣónṣó orí jáákì, dúdú sí ara ẹ̀. Tí nọ́ńbà bá fò sókè tó sì yọ̀ padà sí òdo, AC ni. Tó bá dúró gbọin, DC ni. Tó bá dúró àmọ́ tó jẹ́ volt 2 ló sọ dípò 5, má mikàn, HW CV Instrument ti Bitwig tàbí CV Tools ti Ableton (sọ́fítíwíà orin ni méjèèjì, CV ni volt tó ń darí modular) máa bá ẹ tún un ṣe kí octave lè pé, octave tó o máa rí lò ló kàn máa dín kù. Tan modular sílẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú kó o tó tún ohùn ṣe, oscillator tí ò tíì gbóná máa ń yí lọ.

Tó o bá ń gbọ́ hùn-ùn nísàlẹ̀ ohùn, pàápàá tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lo tàn, yọ ṣájà laptop, fi bátìrì lò ó. Tó bá dákẹ́, ibi tó ti ń wá nìyẹn, kì í ṣe interface.

Ní kí ọ̀rẹ́ ẹ jẹ́ kó o fi mita dán tiẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ AC, o ṣì lè rà á tówó ẹ̀ bá wálẹ̀, fi máa gba ohùn sílẹ̀, kó o máa tọ́jú owó ES-8 díẹ̀díẹ̀. Tí o bá ti wọn volt yẹn, kọ iye tó o rí ránṣẹ́ sí mi.