Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Tí Àlejò Bá Máa Darí Iṣẹ́ Wa Ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní ilé iṣẹ́ gààrí kékeré kan lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di gààrí sínú ọ̀rá ní kílò kọ̀ọ̀kan, ká lè máa kó o lọ Ìlọrin àti Àbújá. Kọ̀ńsọ́tàǹtì kan (ẹni ìta tó ń gbowó gbani nímọ̀ràn iṣẹ́) láti Èkó ní òun á darí iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀ ní mílíọ̀nù 5 náírà, kí n san ìdajì sílẹ̀. Ó ní gààrí tọ́ọ̀nù 2 la ó máa ṣe lójúmọ́. Ṣé kí n gbé e fún un? — *Ìyá Onígààrí, Ajàṣẹ́-Ìpo*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò tọ́ọ̀nù 2 tó ń sọ yẹn. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan kì í sábà mú ju gààrí kílò 200 sí 250 jáde. Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 8 sí 10 lẹ máa nílò lójúmọ́ nìyẹn. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ó di tọ́ọ̀nù 48 sí 60. Ta ló fẹ́ wa ẹ̀gẹ́ yẹn fún yín lóṣù kejì ọdún (Fẹ́búárì), nígbà tí ilẹ̀ ti le koko, tí ẹ̀gẹ́ sì ti gbówó lórí? Ẹ̀gẹ́ tí a ti wà kò sì ṣeé kó pamọ́: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Kọ̀ńsọ́tàǹtì tí kò béèrè àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún yín kó tó máa dárúkọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ló fẹ́ tà.

A ò ní kí ẹ má lo ẹni ìta o. Ìmọ̀ tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan péré ló yẹ kí ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ kí omi ẹ̀gẹ́ má baà ṣàn dé ibi tí gààrí yíyan wà, bí wọ́n ṣe ń gba nọ́ńbà NAFDAC (àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn), ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀rá. Èyí tí ẹ máa ṣe lójoojúmọ́, bíi ríra ẹ̀gẹ́, yíyan gààrí àti bíbá oníbàárà dúnàá-dúrà, ẹ má gbé e lé àlejò lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó bá lọ, tòun tìmọ̀ náà ni wọ́n jọ ń lọ.

Kí ẹ tó bá a tọwọ́ bọ̀wé, ẹ ní kó dárúkọ ilé iṣẹ́ méjì tó ti darí irú iṣẹ́ yìí fún, kí ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀. Fóònù ò tó. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó ṣe dáadáa, torí "ó gbìyànjú" ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé èwo nínú ohun tó ṣe ni wọ́n ṣì ń lò lónìí, iye tó pè é, àti iye tó padà ná wọn. Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀, kí ọmọ kan bá yín wò ó lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ sì bi í pé ta gan-an ló máa dúró ní Ajàṣẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀gá tẹ́nu rẹ̀ dùn ló máa wá gba iṣẹ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ ni wọ́n á rán wá ṣe é. Orúkọ ẹni tó máa ṣe é gan-an ni kó wà nínú ìwé àdéhùn.

Ní ti owó, ìdajì ti pọ̀ jù. Ẹ so owó mọ́ ohun tí ẹ lè fojú rí. Nínú mílíọ̀nù 5 náà, ẹ san mílíọ̀nù 1 kó fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá gbé àwòrán ilé ẹ̀rọ àti ìṣirò owó wá, tí ẹ sì fọwọ́ sí i, ẹ san mílíọ̀nù 1 mìíràn. Tí ẹ̀rọ bá ti dúró tó sì ń ṣiṣẹ́, ₦1,250,000. Iye kan náà tún ni nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ṣe iye gààrí tí ẹ jọ fẹnu kò sí. ₦500,000 tó kù, ó di oṣù méjì lẹ́yìn tó bá ti lọ. Ìkẹyìn yìí ni wọn kì í fẹ́ gbọ́, òun ni kí ẹ di mú jù. Gààrí tí wọ́n dì nígbà tí kò tíì tutù tán máa làágùn nínú ọ̀rá, kò ní pẹ́ bu, àwọn ará Àbújá á dá a padà. Irú ìyẹn kì í hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ má gbà kí owó rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú owó ẹ̀rọ, torí bí ẹ̀rọ bá ṣe wọ́n tó ni tirẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ọwọ́ yín ni kí owó ẹ̀rọ ti lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kó sì wà nínú ìwé pé kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ontàjà. Nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ọjà gbọ́dọ̀ jáde lórúkọ ilé iṣẹ́ yín, kì í ṣe lórúkọ tirẹ̀. Ẹ sì bi í bóyá VAT (owó orí ọjà àti iṣẹ́) wà nínú mílíọ̀nù 5 yẹn. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Tí kò bá sí níbẹ̀, ₦375,000 máa gorí ẹ̀.

Ìbéèrè: Àsàlámù àlàékùm. Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé mẹ́ta ni mo ní n'Ílọrin: Taiwo, Tanke àti Gáà-Akanbí. Mo gba kọ̀ńsọ́tàǹtì kan pé kó bá wa kó ìṣirò ọjà sínú kọ̀ǹpútà. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, iye inú kọ̀ǹpútà ò sì bá ti sítọ́ọ̀ mu. Ṣé kí n lé e ni? — *Alájì A., Ìlọrin*

Ìdáhùn: Wà àlàékùmù sàlámù, Alájì. Ẹ ní sùúrù ná. Ṣé ẹ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ lójú rẹ̀, tí ẹ sì sọ ohun tó wá ṣe fún wọn? Tó bá ní kí wọ́n ka ọjà, tí wọ́n sáré wá bá yín, tí ẹ sì ní "ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, oníbàárà wà nílẹ̀", ọwọ́ ara yín lẹ fi gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọ ìwé ojú kan ṣoṣo: ohun tó lè pàṣẹ ẹ̀, iye tó lè ná láì bi yín (ká ní ₦50,000), àti pé kò lè gba ènìyàn síṣẹ́, kò sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Kí ẹ kà á sétí gbogbo wọn.

Ìbẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ka ọjà dáadáa ni àìpé ọdún mẹ́ta máa jáde. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ohunkóhun tó bá dín nínú kíkà àkọ́kọ́, ẹ ò ní yọ ọ́ lówó oṣù ẹnikẹ́ni. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni wọ́n á máa kọ.

Àìbáramu yẹn, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi kọ̀ǹpútà. Ká sọ pé ìṣó íǹṣì mẹ́ta ni: Taiwo ń kà á ní kílò, Tanke ń kà á ní páálí, Gáà-Akanbí wulẹ̀ ń kọ "ìṣó ńlá". Lójú kọ̀ǹpútà, ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwé orúkọ ọjà kan ṣoṣo, ọjà kan, orúkọ kan, ìwọ̀n kan, kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù tó kéré jù lọ́jọ́ kan, ẹ ka gbogbo ẹ̀, kí ìwé àti kọ̀ǹpútà jọ máa rìn níbẹ̀ fọ́sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó kan àwọn tó kù. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí iná bá lọ, kí wọ́n kọ títà sínú ìwé, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó bá di òwúrọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti sọnù.

Ẹ fi ọmọ iṣẹ́ yín kan tó mọ ọjà dáadáa ti kọ̀ńsọ́tàǹtì náà, ẹ sì mú ìdajì iṣẹ́ ojúmọ́ ọmọ náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ "bẹ́ẹ̀ ni sà" ni á kàn máa wí. Ìpàdé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní gbogbo ọjọ́ Ajé tó: kí la ti ṣe, kí ló kù, èló la ti ná, kí ló ń dí wa lọ́wọ́. Tí oṣù kan bá kọjá lórí èyí tí kò sí àyípadà, ẹ lé e.

Ìbéèrè: Kọ̀ńsọ́tàǹtì wa ti parí iṣẹ́, ó wá ń sọ pé tòun ni ìwé ìlànà tó kọ fún wa. Ṣé òótọ́ ni? — *L., Ọ̀fà*

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ nǹkan, ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín bí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ yín, àyàfi tí ẹ bá jọ kọ ohun mìíràn sínú ìwé. Tí ẹ bá ṣì jẹ ẹ́ lówó, ẹ bá a kọ ìwé kúkúrú pé ó ti di tiyín kí owó náà tó jáde. Kí ẹ tó san án náà, ẹ gba gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà (password), kí ẹ yí wọn padà, kó sì jẹ́ ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ ló so mọ́ wọn.

Ìbéèrè: Ọmọ àbúrò mi gboyè MBA (oyè ìkejì nínú ìmọ̀ ìdarí òwò). Ṣé kí n gbé iṣẹ́ fún un dípò àlejò? — *Bàbá K., Òmù-Àrán*

Ìdáhùn: Ìwé àdéhùn kan náà, ọ̀nà ìsanwó kan náà. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá wọ́ lóṣù kejì, ṣé ẹ lè ní kó dúró, kí ẹ sì tún lọ bá àbúrò yín jẹun lọ́jọ́ Àìkú? Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gba ẹlòmíì síṣẹ́, kí ọmọ yín máa bá yín yẹ ìwé àti ìṣirò tẹni náà bá ń gbé wá wò, kí ẹ sì máa sanwó ìyẹn fún un.