Ọkọ mi kò gbọ́ ohùn mọ́, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ mi mọ́: ṣé kí ó dá oògùn dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Nítorí ọkọ mi ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Ẹni ọdún 38 ni, iṣẹ́ fóònù títúnṣe ló ń ṣe ní Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni orí rẹ̀ ti dàrú rí, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó sì ń sọ pé àwọn aládùúgbò fẹ́ pa òun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fún un ní risperidone mílígíráàmù 4 lálaalẹ́ àti benzhexol láàárọ̀, gbogbo ohùn náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ń sùn jù, ó ti sanra, ojú rẹ̀ kì í fi hàn bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn, ó sì ti lé ní oṣù mẹ́fà tí a ti bá ara wa lò gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Mo ti ń rò ó pé ó ní obìnrin níta. Ìyá ọkọ mi ní oògùn òyìnbó ló ń ba ọmọ òun jẹ́; ó ń gbé àgbo wá fún un, ó sì fẹ́ kí ó dá oògùn ilé ìwòsàn dúró. Ọkọ mi náà ti fẹ́ gbà fún un. Kí ni kí n ṣe? Ṣé bí yóò ṣe máa wà títí láé nìyí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ má jẹ́ kí ó dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí kò tó nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a mọ ibi tí ó ti wá, a sì mọ ohun tí a lè ṣe sí i, bí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá lè gbọ́ ọ.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ a máa fi èròjà ránṣẹ́ sí ara wọn, ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà sì ni dopamine. Ní nǹkan bí ọdún 1957 ni Arvid Carlsson, onímọ̀ ìṣègùn ará Sweden, fi hàn pé dopamine ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe nínú ọpọlọ, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. Lára iṣẹ́ náà ni pé ó ń jẹ́ kí a mọ ohun tó yẹ kí a fiyè sí. Nínú irú àìsàn tó ṣe ọkọ yín, iṣẹ́ dopamine a máa lágbára jù ní apá kan ọpọlọ, ohun tí kò kan ènìyàn á sì máa dà bí ẹni pé òun ni wọ́n fi ń bá wí: aládùúgbò wúkọ́, ó di àmì, ọlọ́kadà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó di amí tí wọ́n rán sí i. Risperidone a máa dí ibi tí dopamine ń balẹ̀ sí lára sẹ́ẹ̀lì, ìdí nìyẹn tí ohùn wọ̀nyẹn fi dákẹ́, tí ìfura náà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń bá kiri, kò sì mọ̀ pé apá kan ṣoṣo ni a rán òun sí. Gbogbo ibi tí dopamine ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yàrá ṣáájú, nítorí òun ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ, òun náà ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin rọra pa oògùn tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, pituitary ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń tú èròjà prolactin sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ ní wàrà lọ́mú. Dopamine ló máa ń kó o níjàánu kí ó má baà tú u jù. Bí oògùn bá ti dí dopamine lọ́wọ́, prolactin á gòkè, risperidone sì wà lára àwọn oògùn tó ń mú un gòkè jù lọ. Nígbà tí ó bá ga lára ọkùnrin, testosterone, èròjà tó ń mú ara ọkùnrin ṣe bí ọkùnrin, á walẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní fà sí ìbálòpọ̀ mọ́, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ lè má le bó ṣe yẹ, ọmú rẹ̀ pàápàá lè wú tàbí kí ó máa dùn ún. Nítorí náà, pé kò sún mọ́ yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ní obìnrin níta. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ kì í jí mọ́ sábà máa ń yẹra fún ìyàwó rẹ̀ kí ojú má baà tì í, ìyàwó á sì gbà pé ó kórìíra òun ni.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló máa fi hàn bóyá prolactin ga. Bí ó bá ga, dókítà lè dín ìwọ̀n oògùn náà kù, ó lè fi òmíràn tí kì í mú un ga tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó fi oògùn kan tó ń jẹ́ aripiprazole kún un, èyí tó sábà máa ń fà á walẹ̀. Yóò tún wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, nítorí àwọn náà a máa ba ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ jẹ́ fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n dókítà tí èrò rẹpẹtẹ ń dúró dè níta lè má béèrè. Kí ọkọ yín ṣáà là á mọ́lẹ̀ pé: “Dókítà, láti ìgbà tí mo ti ń lo oògùn yìí, ara mi kì í jí sí ìyàwó mi mọ́.” Bí ojú bá ń tì í, kí ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kí ó sì nà án sí dókítà. A ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa yóò fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ tí kì í fi nǹkan kan hàn lè wá láti ọ̀nà mìíràn tí dopamine ń gbà ṣiṣẹ́, ìyẹn èyí tó ń darí bí ara ṣe ń rìn. Bí oògùn bá dí ọ̀nà yẹn, ojú á le gbagidi, apá kì í fì mọ́ bí ènìyàn bá ń rìn, ọwọ́ sì lè máa gbọ̀n. Inú ẹni náà lè dùn dé ọ̀run kí ojú rẹ̀ má sọ ọ́, nítorí náà ẹ bi í léèrè, ẹ má kàn wo ojú rẹ̀ lásán. Torí èyí ni wọ́n ṣe fún un ní benzhexol. Benzhexol náà sì ní tirẹ̀: ó ń gbẹ ẹnu, ó ń mú kí ìgbẹ́ le, ó sì lè mú ojú ṣe bàìbàì sí ohun tó bá wà nítòsí. Iṣẹ́ ọkọ yín rèé, mà. Ẹni tó ń fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ ojú wáyà tó tín-ín-rín bí irun, tó ń wá ìdè fóònù tí kò tó hóró ìrẹsì, kò lè ṣe é bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n tí ojú sì ń ṣú. Bí ó bá ti ń pẹ́ kí ó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà, nítorí ìyẹn lè yí irú oògùn tó yẹ ẹ́ padà.

Ní ti oorun àti ìsanra, risperidone tún ń dí ọ̀nà èròjà mìíràn, histamine, èyí tó ń mú ojú wà lójúfò. Bí ó bá ń lò ó ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ béèrè bóyá ó lè lò ó ní aago mẹ́jọ. Ebi tó ń pa á kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Oògùn ló ń mú un. Ẹ má ṣe ẹ̀bà alẹ́ pẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí omi rọ́pò mọ́ọ̀tì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo lè dì ru oògùn o. Àìsàn yìí fúnra rẹ̀ a máa mú ìfẹ́ nǹkan kúrò lára ènìyàn: kò ní wù ú láti jáde, láti wẹ̀, láti bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ rántí bí ó ṣe rí ṣáájú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí ó bá ti ń dá jókòó láti ìgbà yẹn, oògùn kọ́ ló fà á, bí a bá sì dín in kù, ìyẹn kò ní lọ.

Bí ó bá wá dá oògùn dúró ńkọ́? Ní ọdún 2012, Stefan Leucht àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Jámánì kó ìwádìí 65 jọ lórí ìbéèrè yìí gan-an. Láàárín ọdún kan, àìsàn padà sí bí ènìyàn 64 nínú 100 tí wọ́n fún ní oògùn ayédèrú tí kò ní èròjà kankan nínú dípò ti gidi. Lára àwọn tó ń bá oògùn lọ, 27 nínú 100 ni. Ohun tó ń tan ẹbí jẹ ni pé kì í sábà padà lọ́jọ́ kejì. Oṣù méjì, oṣù mẹ́ta lè kọjá tí ara rẹ̀ á yá gágá, tí oorun á dínkù, tí ìyá rẹ̀ á ní “ṣé ẹ rí i?”, kí ìfura tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé.

Mi ò ní bú àgbo màmá. Àwọn adáhunṣe wa ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè kí oògùn òyìnbó tó dé, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1960. Èròjà reserpine wà nínú asofẹ́yẹjẹ, iṣẹ́ tó ń ṣe sì ni pé ó ń mú kí dopamine tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tọ́jú pamọ́ tán. Ó ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ walẹ̀, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ asofẹ́yẹjẹ ló wà nínú ìgò màmá, tí ọkọ yín sì ń mu ún pọ̀ mọ́ risperidone, ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà mú un le gbagidi, tí wọ́n á sì mú kí òòyì máa kọ́ ọ bí ó bá dìde. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi màmá pé kí ni wọ́n fi sè é.

Mo fẹ́ kí màmá bá yín lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé àyíká, kí ará ilé kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó mọ ohun tí ẹbí wúlò fún. Ìwádìí tí George Brown àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní London, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1972, sì fi hàn pé àìsàn náà tètè ń padà sára ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àwọn tó ń bá a wí ṣáá tàbí tó ń kanra mọ́ ọn. Bí ẹ̀yin àti màmá bá ń jà lórí oògùn lójú rẹ̀, ara rẹ̀ ni ìjà náà ń bọ̀ wá bà sí. Ẹ jẹ́ kí dókítà bá màmá sọ ọ́.

Ní ti pé ṣé títí láé ni, ẹni tí ó ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì sábà máa ń lo oògùn fún ọdún bíi márùn-ún, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn yìí dandan, kì í sì í ṣe ìwọ̀n yìí dandan. Bí ẹ bá wá fẹ́ dín in kù, díẹ̀díẹ̀ ni, láàárín ọ̀pọ̀ oṣù, kí ẹ máa ṣọ́ àmì tó kọ́kọ́ máa ń yọ lára rẹ̀, bí oorun tó dá lójú rẹ̀ fún alẹ́ méjì léraléra tàbí kí ó máa ti fèrèsé pa ní ọ̀sán. Ní báyìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kó gbogbo páálí oògùn rẹ̀ dání, pẹ̀lú ìgò àgbo náà.