Òkìtì koríko tí ń rùn ní ẹ̀yìnkùlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Òkè-Fìà ní Òṣogbo ni ilé wa wà. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń gé koríko iwájú ilé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, a sì ń kó o jọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ó lè di ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń yọ̀ bí ilá, ó sì ń rùn débi pé àwọn aládùúgbò ti ń sọ̀rọ̀. Ṣé kí a sun ún ni? Bí ó bá sì di ajílẹ̀, ṣé a lè lò ó fún ẹ̀fọ́ àti fún koríko náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, mà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sun ún. Bí iná bá ti ràn mọ́ ọn, náítírójìn inú rẹ̀, èyí tí ẹ̀fọ́ fi ń yọ ewé, yóò bá èéfín lọ, eérú díẹ̀ ni yóò sì kù fún yín.

Ohun tí ó fa òórùn náà ni pé koríko tútù nìkan ni ẹ kó jọ. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí a bá sì tò ó lé ara wọn, yóò lẹ̀ pọ̀ bí ẹní, atẹ́gùn kò sì ní ráyè wọlé. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ń sọ ewé di ilẹ̀dú nílò atẹ́gùn. Bí wọn kò bá rí i, irú mìíràn tí kò nílò rẹ̀ ni yóò gba òkìtì náà, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń mú kí ó rùn. Ẹni tí ó bá ti wọ Igbó Ọ̀ṣun rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ewé ń jẹrà lábẹ́ igi níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, síbẹ̀ kì í rùn, nítorí pé ewé gbígbẹ àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba àárín wọn kọjá.

Ẹ tú òkìtì yín ká, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú un fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá fi ewé gbígbẹ agbọ̀n méjì pò mọ́ koríko agbọ̀n kan. Ewé máńgòrò dára, pòròpórò àgbàdo tí a gé wẹ́wẹ́ náà dára. Lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé ìlagi kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi díẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí kì í tètè jẹrà. Ẹ jẹ́ kí òkìtì náà ga tó mítà 1, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí inú rẹ̀ lè gbóná ju 55°C lọ, nítorí ooru yìí ni ó ń pa irúgbìn èpò. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò ó nígbà òjò. Bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ni ó yẹ kí ó jáde.

Ìṣòro tí mo máa ń rí ní ìlú wa ni pé ìgbà ọyẹ́ ni ewé gbígbẹ ń pọ̀, ìgbà náà gan-an ni a sì ń gbá a jọ tí a ń dáná sun ún. Nígbà tí òjò bá mú koríko wá, kò sí ewé mọ́. Ó dùn mí púpọ̀. Ẹ kó ti ọdún yìí sínú àpò ìrẹsì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò kò ti ní pa á.

Koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakoríko sí kò gbọdọ̀ dé inú òkìtì náà rárá, nítorí òmíràn nínú àwọn oògùn wọ̀nyí kì í tètè kúrò, ó sì lè pa tòmátì.

Láàárín oṣù méjì sí mẹ́rin, yóò di dúdú, kò ní gbóná mọ́, yóò sì máa ta sánsán bí ilẹ̀ igbó. Fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú, ẹ tẹ́ ẹ sórí ebè kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, kí ẹ sì fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Fún koríko, ẹ kọ́kọ́ jọ̀ ọ́, kí ẹ wọ́n ọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, kí ẹ sì fi ìgbálẹ̀ gbá a wọlẹ̀ títí orí koríko yóò fi hàn.

Bí ẹ bá sì lè máa gé e lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ kò gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ, ẹ fi èyí tí ẹ gé sílẹ̀ síbẹ̀. Yóò jẹrà sí ìdí koríko náà, èyí tí ẹ ó máa kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé yóò sì dínkù.