Bùjí 7 ò lágbára ju 5 lọ o

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu, tẹ́ ẹ ní Corolla 2003 yín ń gbọ̀n tẹ́ ẹ bá dúró, bùjí ẹ̀ (plug tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì) sì dúdú, tí ẹni tó ń ta pàátì wá ní kẹ́ ẹ yọ NGK nọ́ńbà 5 kẹ́ ẹ fi 7 sí i torí pé 7 lágbára jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá a lóhùn. Ẹ́ńjìnì 1ZZ tó wà nínú Corolla yín yẹn lèmi náà ń wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe agbára, ooru ló ń sọ. Lára bùjí ilé-iṣẹ́ NGK àti Denso, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni bùjí ṣe ń tutù sí i, lára Bosch ó tún wá yí padà, nọ́ńbà kékeré ló tutù. Bùjí tó tutù jù ò ní gbóná tó láti jó èédú ẹnu ara ẹ̀ dànù, pàápàá tó bá jẹ́ àárín ìlú lẹ ti ń rìn, kò ní pẹ́ táá fi dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó gbóná jù náà lè ba piston jẹ́. Denso SK16R11 àbí NGK IFR5A11 ni kẹ́ ẹ wá, 16 ti Denso náà ni 5 ti NGK, 11 tó gbẹ̀yìn sì ni àlàfo ẹnu ẹ̀, milimita 1.1.

Ìrídíọ̀mù, irin líle kan, ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ayédèrú sì kún ìta. Ẹ wo irin àárín, ojúlówó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ ìrídíọ̀mù gàdàgbà sára páálí ẹ̀ tírin ẹ̀ nípọn bákan ṣá! Tówó ò bá tó, ẹ ra ojúlówó tí kì í ṣe ìrídíọ̀mù tí nọ́ńbà ẹ̀ bá a mu, ẹ kàn máa tètè pààrọ̀ ẹ̀ ni.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Tó bá dúdú tó sì gbẹ, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́. Tó bá rin tó ń yọ̀, ọ́ìlì ni. Nínú tèmi, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìkan ló rin, ọ́ìlì wà lára tánganran funfun lókè, ẹnu ẹ̀ lọ́hùn-ún sì gbẹ táútáú, bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé rọ́bà abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnì ló ti jẹ, kì í ṣe ríǹgì ara piston, mẹkáníìkì kan sì ti ń múra àtitú gbogbo ẹ́ńjìnì o! Rọ́bà la pààrọ̀, ó parí. Tó bá sì jẹ́ kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò, lẹ̀ ń rà lójú ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ ra epo nílé epo kẹ́ ẹ wò ó, omi inú kpayo náà ń mú kó gbọ̀n.

Tẹ́ ẹ bá máa de bùjí padà, kí ẹ́ńjìnì tutù, ọwọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fi yí i, ẹ má fi sípánà fipá mú un torí àlúmíníọ̀mù tó rọ̀ lorí ẹ́ńjìnì yẹn. Ẹ ya fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká jọ wò ó.