Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kí n pín quadratic sí àkámọ́ méjì tàbí kí n lo fọ́múlà?

Kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan kó jẹ́ ax² + bx + c = 0, kí o wá ṣírò b² − 4ac. Tí a, b àti c bá jẹ́ odidi nọ́ńbà, tí èsì náà sì ní square root gérégé (bíi 1, 9, 25), á ṣeé pín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, fọ́múlà ni.

Wo 2x² − 7x + 3 = 0: 49 − 24 = 25. a lọ́nà c, ìyẹn 2 lọ́nà 3, jẹ́ 6. Wá nọ́ńbà méjì tó máa fún ọ ní 6 lọ́nà ara wọn, tí àròpọ̀ wọn á jẹ́ −7. −1 àti −6 ni.

2x² − x − 6x + 3 = x(2x − 1) − 3(2x − 1) = (2x − 1)(x − 3)

x = ½ tàbí 3.

Fi 4 rọ́pò 3 tó wà nínú 2x² − 7x + 3 = 0, b² − 4ac di 49 − 32 = 17. Fọ́múlà yá, ìyẹn x = (−b ± √(b² − 4ac))/(2a):

x = (7 ± √17)/4, ìyẹn nǹkan bíi 2.78 tàbí 0.72.

Àmì ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú níbí: b jẹ́ −7, torí náà −b di +7. Gbogbo òkè ni 4 sì ń pín, kì í ṣe √17 nìkan. Tí b² − 4ac bá kéré sí òdo, kò sí ìdáhùn nínú àwọn nọ́ńbà gidi.