Àdùkẹ́ Ní, Tàbí Ni Àdùkẹ́ Wí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìtàn àròsọ tí mò ń kọ, báyìí ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn mi: "Mi ò lọ mọ́," Àdùkẹ́ sọ. Ẹni tó bá mi kà á ní kò dún bíi Yorùbá. Kí ló bà á jẹ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lẹni náà sọ. Bí Yorùbá bá ń ròyìn ọ̀rọ̀, ẹni tó sọ ọ́ ló sábà máa ń ṣáájú:

Àdùkẹ́ ní, "Mi ò lọ mọ́."

Kọ́mà wà lẹ́yìn "ní". Lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àmì ìdánudúró (.) sì wọlé kí àmì àyọlò (" ") tó padé. "Ní" lè dá dúró, ṣùgbọ́n "dáhùn" àti "kígbe" ń fẹ́ alábàárìn. Ẹ fi "pé" tì í, tàbí kí ẹ ṣe é bí àwọn àgbà ṣe ń pìtàn:

Ó dá a lóhùn, ó ní, "Mo ti jẹun."

Bó bá wù yín kí ọ̀rọ̀ ṣáájú ẹni tó sọ ọ́, "ni" olóhùn àárín lẹ ó lò. Òun ló sọnù nínú gbólóhùn yín:

"Mi ò lọ mọ́," ni Àdùkẹ́ wí.
"Níbo lo ti ń bọ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Níbi tí àmì ìbéèrè bá ti wà, kọ́mà kò tún sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ má sì lo "ni" yìí ní gbogbo ìlà, torí ó máa ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ní ìtẹnumọ́, kò sí èyí tó ní in mọ́. "Ní" ni kí ẹ máa lò jù. Òǹkàwé kì í tilẹ̀ rí i. Ẹ fi "jágbe mọ́" àti "já lu ọ̀rọ̀" pamọ́ de ìgbà tí ìjà bá dé lóòótọ́.

Nígbà mìíràn, ẹ ò nílò láti dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ rárá:

"Ṣé o ti jẹun?"
"Rárá, mà. Ẹ̀yin ni mò ń retí."
"Wá bu tìẹ."

"O" àti "ẹ" ti sọ ẹni tó jẹ́ ìyá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ méjì tó ń pe ara wọn ní "o" ni, ẹ dárúkọ ọ̀kan nínú wọn kó tó di ìlà karùn-ún, kí òǹkàwé má baà padà sẹ́yìn lọ kà á. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀rọ̀, ìlà tuntun ni tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ ọ́ pé: Àjàní ní òun ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi àmì àyọlò sí i. Ṣé kí n fi sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi sí i. "Òun" ti ṣe iṣẹ́ náà tán. "Àjàní ní òun ń bọ̀": Àjàní fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀. "Àjàní ní ó ń bọ̀": ẹlòmíràn ni. Ìyàtọ̀ iyebíye lèyí, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá fi àmì àyọlò sí i, "òun" gbọ́dọ̀ di "mo":

Àjàní ní, "Mò ń bọ̀."

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn kó méjèèjì pọ̀: Àjàní ní, "Òun ń bọ̀." Lójú ẹsẹ̀ ni "òun" ti di ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣẹ: Ó ní kí n dìde (kò sí kọ́mà, kò sí àmì àyọlò), tàbí: Ó ní, "Dìde!" Àti ìbéèrè: Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò sí àmì ìbéèrè níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rọ̀ bàbá kan nínú ìtàn mi gba ìpínrọ̀ mẹ́ta, ó sì pa òwe sí i. Báwo ni kí n ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣí àmì àyọlò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pa á dé ní òpin ìkẹta nìkan. Bí ẹ bá pa á dé ṣáájú, òǹkàwé á rò pé ẹlòmíràn ló gba ọ̀rọ̀. Àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan (' ') ni ti òwe tó wà nínú rẹ̀:

Bàbá ní, "Òwe kan ní, 'Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.'"

Ẹ má fi ẹlẹ́yọ kan ṣe ti ìta, pàápàá bí ẹ bá ṣì ń kọ "l'ó" àti "n'ílé". Àmì kékeré inú wọn á jọ ìparí ọ̀rọ̀.