Ìbéèrè Yín: Singer Ẹlẹ́sẹ̀ Tó Ti Dógùn-ún, Ẹ Má Tíì Gbé E Fún Onírin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìyá ìyá mi fi maṣíìnì ìránṣọ Singer ẹlẹ́sẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa, inú yàrá tí òrùlé ẹ̀ ń jò ló wà látọjọ́ yìí. Wíìlì ọwọ́ ẹ̀ ò yí mọ́ rárá, gbogbo ẹsẹ̀ irin ẹ̀ ti dógùn-ún. Bàbá kan ládùúgbò wa ní ká fi sáńpépà ha gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀ ká wá fọ́n ọ̀dà dúdú sí i. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀? – Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹsẹ̀ irin nìkan lẹ lè ha. Orí maṣíìnì níbi tí iṣẹ́ ọnà góòlù yẹn wà, sáńpépà ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, torí àwòrán yẹn fẹ́lẹ́ gan-an, fánííṣì ló bò ó mọ́lẹ̀, tí fánííṣì yẹn bá ti ṣí báyìí góòlù náà ti lọ nìyẹn, kò sì sí ọ̀dà tó máa dá a padà. Sípíríìtì, tínà, ògógóró, Jik, ẹ má fi ìkankan kàn án, kódà ọṣẹ àti omi ò dáa fún un. Òróró maṣíìnì ni kẹ́ ẹ fi rin ẹ̀gbọ̀n òwú, kẹ́ ẹ máa rọra fi nù ún, ìdọ̀tí ọlọ́jọ́ pípẹ́ á máa jáde, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí àwọ̀ góòlù lára òwú, ẹ dúró níbẹ̀.

Ti wíìlì tí ò yí yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ó dógùn-ún, òróró àtijọ́ ló gbẹ mọ́ ọn bí oje igi, àgàgà tẹ́nì kan bá ti fi òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa sí i rí, àwọn ará ilé sì máa ń ṣe é lóòótọ́ torí òun ló wà nílé ìdáná. Ẹ kọ́kọ́ yọ bọ́bìnì (ibi tí òwú ìsàlẹ̀ ń wé mọ́) àti ilé ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá òwú ti há síbẹ̀, torí òwú kékeré kan lè dá gbogbo maṣíìnì dúró. Lẹ́yìn náà ẹ tú awo irin tó wà lápá òsì, kẹ́ ẹ dojú orí maṣíìnì dé, kẹ́ ẹ wá máa kán kẹrosíìnì sí gbogbo ihò epo àti gbogbo ibi tí irin ti ń fi ara ra irin, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá ṣì le, ẹ máa mi wíìlì náà síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lu ú ní hámà o, irin dídà ni, kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣẹ́! Mo mọ̀ pé sùúrù yìí máa ń sú èèyàn, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ tó bá ti yí báyìí inú yín á dùn. Ẹ nu kẹrosíìnì náà kúrò kẹ́ ẹ fi òróró maṣíìnì sí gbogbo ibi tẹ́ ẹ kán an sí, torí kẹrosíìnì máa ń gbẹ ni, kì í dúró lára irin, irin ọ̀hún á sì máa jẹra wọn.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́, búrọ́ọ̀ṣì onírin ni, ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é kẹ́ ẹ sì bo imú, lẹ́yìn náà ẹ kùn ún. Ẹ tún wo nọ́ńbà tó wà lára orí maṣíìnì náà, tó bá jẹ́ Y ló ṣíwájú, ilé iṣẹ́ Singer ní Clydebank, Scotland, ló ti wá, láàárín 1921 sí 1935. Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ yẹn láti 1980, àmọ́ abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú maṣíìnì wọn ń lò ṣì wà lọ́jà.

ÌBÉÈRÈ: Tí mo bá tẹ ẹsẹ̀ maṣíìnì mi, wíìlì ẹ̀ máa ń yí sẹ́yìn, òwú á sì wé mọ́ra wọn lábẹ́ aṣọ. – Sìsì Télọ̀, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ọwọ́ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fa òkè wíìlì wá sọ́dọ̀ ara yín kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo bẹ́líìtì aláwọ náà, tó bá ti dẹ̀ jù, ẹ gé díẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tún so ó pọ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó le jù, ẹsẹ̀ á máa wúwo fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan ní rẹ́ẹ̀dì mẹ́kúrì, ohun kan tí wọ́n ní ó níye lórí gan-an, wà nínú Singer àtijọ́, pé òun máa san mílíọ̀nù tí mo bá kọ́kọ́ sanwó àyẹ̀wò. – A. K., Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Jìbìtì ni, ẹ má san kọ́bọ̀! Ní 2009 irú àhesọ yìí gba Saudi Arabia kan, àwọn èèyàn ń fi owó ńlá ra maṣíìnì àgbà, wọn ò sì rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Irin, òróró àti ìdọ̀tí òwú ló wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lóòótọ́, ẹ wá télọ̀ tí àìsí iná mànàmáná ń dá lóró, òun ló mọ ohun tó fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kó jókòó tì í kó fi rán aṣọ wò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.